Afẹ́fẹ́ Tí Elétí Kò Gbọ́

Elétí ni gbogbo àdúgbò ń pe ọkùnrin náà, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni títún táyà ọkọ̀ ṣe. Kì í ṣe pé etí rẹ̀ tóbi ju ti ẹlòmíràn lọ. Ohun tí ó ń fi etí náà ṣe ni ó sọ ọ́ ní orúkọ. Àwọn fọkanáísà yòókù a máa ri táyà bọ inú ọpọ́n omi, wọn a sì máa fi ojú wá ibi tí omi bá ti ń hó. Elétí pẹ̀lú ní ọpọ́n tirẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn ẹyẹlé ni ó ń wẹ̀ nínú rẹ̀. Òun a gbé táyà súnmọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́, a di ojú méjèèjì, a sì máa yí i díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń yí ọmọ tí oorun ń kùn, títí yóò fi gbọ́ ìró tín-ín-rín kan tí ẹlòmíràn kò lè gbọ́. Ibẹ̀ gan-an ni yóò fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí. Bí ó bá lẹ̀ ẹ́ tán, a tún gbé etí lé e. Bí ìró náà bá ti dákẹ́, iṣẹ́ parí nìyẹn. Kò sí ẹni tí ó rántí ìgbà tí ó ṣì í.

Ó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ yìí, síbẹ̀ ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́ kò yé yà á lẹ́nu. Ohun tí ojú kò rí, tí ọwọ́ kò sì lè dì mú, òun náà ni a óò rọ sínú rọ́bà lásán, tí yóò sì gbé ọkọ̀ akẹ́rù, àti ẹrù, àti àwọn tí ó jókòó lórí ẹrù. Bí ó bá yọ ẹnu ẹ̀rọ kúrò lára táyà ńlá tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kún, a máa fi àtẹ́lẹwọ́ gbá a lẹ́ẹ̀kan, a sì mi orí, bí ẹni tí ó dúró níwájú ohun tí ó jù ú lọ.

Ọmọ kan ṣoṣo ni òun àti ìyàwó rẹ̀ bí, obìnrin ni, ó sì ti pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlá. Ó jọ ìyá Elétí tí ó ti di olóògbé débi pé “Ìyá mi” ni bàbá rẹ̀ ń pè é, tí òun náà sì ń dáhùn bí àgbàlagbà. Ọmọ yìí ní ásímà. Láti kékeré ni àwọn ihò tí èémí ń gbà wọ inú àyà rẹ̀ ti máa ń fún pọ̀ bí nǹkan bá tọ́ wọn, kò sì sí ohun tí ó ń tọ́ wọn tó ọ̀fìnkìn. Eruku lè dé kí ó sì lọ. Lọ́fínńdà aládùúgbò lè mú un wúkọ́ díẹ̀, kí ó sì pa á lẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n bí imú rẹ̀ bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣomi, gbogbo ilé mọ̀ pé àlejò tí ẹnikẹ́ni kò pè ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Àyà rẹ̀ a máa súfèé bí ó bá ń mí síta, oorun a sì di ohun tí ó ń sùn ní ìjókòó.

Ilé ìwòsàn ti fún un ní agolo ìfàsímú kan, aláwọ̀ búlúù, fún irú àkókò bẹ́ẹ̀: a ó tẹ orí rẹ̀, oògùn yóò tú jáde bí ìkùukùu, ọmọ yóò sì fà á wọ inú. Wọ́n tún fún un ní òmíràn tí yóò máa lò lójoojúmọ́, yálà ara yá tàbí ara kò yá, kí àyà má baà máa bínú sí ohun kékeré. Èkejì yìí ni kò yé Elétí. Kí ni ènìyàn ń lẹ̀, ó bèèrè lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀, lára táyà tí kò jò? Bẹ́ẹ̀ ni agolo náà ṣe di ará ẹ̀yìn dígí, tí eruku sì fi orí rẹ̀ ṣe ibùjókòó.

Aláwọ̀ búlúù ní tirẹ̀ kò sí lábẹ́ eruku rárá. Elétí fúnra rẹ̀ ni olùtọ́jú rẹ̀. Láràárọ̀, kí ọmọ tó gbé àpò ilé-ìwé kọ́ èjìká, bàbá a mú agolo náà, a mì í, a gbé e sí ẹ̀bá etí, a sì tẹ orí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Agolo a sín: fíì. “Ó kún,” ni yóò wí, yóò sì kì í sínú àpò. Ìyàwó rẹ̀ a máa wò ó láti ẹnu ọ̀nà.

“Ṣé ẹ̀yin ni ásímà ń ṣe ni,” ó bi í lọ́jọ́ kan, “tí ẹ fi ń kọ́kọ́ lò ó?”

Elétí dáhùn pé ẹni tí ó bá gbé táyà àfipamọ́ sẹ́yìn ọkọ̀ láì yẹ̀ ẹ́ wò, ìrìn ẹsẹ̀ ni ó fẹ́ rìn. Ìyàwó rẹ̀ rẹ́rìn-ín.

Ní ọ̀sẹ̀ tí à ń wí yìí, ọ̀fìnkìn wọ kíláàsì ọmọ náà, ó sì gba orí ìjókòó kọ̀ọ̀kan kọjá bí olùkọ́ tí ń gba iṣẹ́ àṣetiléwá. Ọmọ Elétí gbé tirẹ̀ délé. Nígbà tí ilẹ̀ fi mọ́ lọ́jọ́ kejì, ojú rẹ̀ ti wú, ohùn rẹ̀ ti há, ikọ́ kò sì jẹ́ kí ó parí tíì rẹ̀. Ìyá rẹ̀, tí ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìfọṣọ ńlá kan, fẹ́ ránṣẹ́ pé òun kò ní lè wá. Elétí ní kí ó máa lọ. Ó ní kò sí ibi tí ó dára fún ọmọ náà bí ibi tí etí òun yóò ti máa gbọ́ ọ. Ìyá wo ọmọ, ó wo ọkọ rẹ̀, ó bọ́ ẹ̀wù òtútù ara rẹ̀ fún ọmọ, ó sì lọ pẹ̀lú ọkàn tí kò fẹ́ tẹ̀lé e.

Ní ìsọ̀, Elétí gbé àga ọmọ rẹ̀ sí ibi tí atẹ́gùn kò ti lè gbé òórùn rọ́bà bá a. Kò tan iná ìlẹ̀táyà lọ́jọ́ náà. Ó ní gọ́ọ̀mù tútù ni òun yóò fi lẹ gbogbo ohun tí ó bá dé. Ọmọ náà jókòó, ó fi ẹ̀wù ìyá rẹ̀ bo orúnkún, agolo wà lọ́wọ́ rẹ̀. Láti ibi tí Elétí kúnlẹ̀ sí, ó ń gbọ́ súfèé àyà rẹ̀ kedere, gẹ́gẹ́ bí ó ti ń gbọ́ táyà.

Kò pẹ́ tí awakọ̀ tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Aláròyé fi wa ọkọ̀ rẹ̀ tí ń tiro dé. Wọ́n sọ ọ́ ní Aláròyé nítorí pé kò sí ọjọ́ tí ó dákẹ́ tó láti gbé òkèlè mì.

“Elétí, wá bá mi gbọ́ táyà yìí,” ó wí. “Láti ìdájí ló ti ń sọ̀rọ̀ mi lẹ́yìn.”

“Ẹ̀yìn nìkan ló ti lè ráyè sọ̀rọ̀,” ni Elétí fèsì. “Iwájú ti kún fún tìẹ.”

Aláròyé rẹ́rìn-ín títí ó fi di ọkọ̀ mú. Ó kí ọmọ náà, ó ní kí ọ̀fìnkìn jọ̀wọ́ rẹ̀ kí ó sì wá mú òun, bóyá ìyàwó òun yóò lè sinmi. Ọmọ náà rẹ́rìn-ín músẹ́, ṣùgbọ́n kò dáhùn. Elétí fi jáàkì gbé ọkọ̀ sókè, ó tú àwọn nọ́ọ̀tì irin tí ó de ẹsẹ̀ ọkọ̀ náà, ó sì yọ ọ́ sílẹ̀.

Ibi tí ó ti ń yí táyà náà lẹ́bàá ẹ̀rẹ̀kẹ́ ni ó ti gbọ́ pé agolo sín. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ó tún sín. Lẹ́yìn náà ni ohùn ọmọ rẹ̀ dé, ní ègé-ègé, bí aṣọ tí a ń fà ya.

“Bàbá… kò… ṣiṣẹ́.”

Elétí nu ọwọ́, ó lọ gba agolo náà, ó mì í, ó gbé e sétí, ó sì tẹ̀ ẹ́. Fíì. Ìró náà pé, kò dín. Ó sọ fún ọmọ rẹ̀ pé agolo kún, pé kí ó fún oògùn láyè, kí ó sì máa mí díẹ̀díẹ̀. Ó tún ẹ̀wù ṣe lọ́rùn rẹ̀, ó sì padà sídìí táyà. Ṣùgbọ́n etí kan ṣoṣo ni ó gbé padà, èkejì wà lọ́dọ̀ ọmọ.

Súfèé náà ga, ó ga sí i. Aláròyé pàápàá gbọ́ ọ, ó sì rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í tín-ín-rín. Ó rẹlẹ̀, ó rẹlẹ̀, ó di bí okùn tí a ń fà jáde lára aṣọ, ó sì já. Kò sí ìró kan mọ́. Elétí mí kanlẹ̀. Irú ìdákẹ́ yìí ni ó fi gbogbo ayé rẹ̀ wá lára táyà, òun náà ni ó fi ń mọ̀ pé iṣẹ́ parí.

“Ṣé o gbọ́?” ó bi Aláròyé láì gbójú sókè.

“Mi ò gbọ́ nǹkan kan.”

“Ohun tí mò ń wí nìyẹn. Oògùn ti mú un.”

Nígbà náà ni òjìji kan bo ọwọ́ rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ ti dìde lórí àga, ó sì ti rìn dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó di ara ọkọ̀ mú. Kò sọ̀rọ̀. Ó tẹ̀ ba, ó fa ọwọ́ bàbá rẹ̀ tí gọ́ọ̀mù ṣì wà lára rẹ̀, ó sì gbé àtẹ́lẹwọ́ náà lé àyà ara rẹ̀.

Ohun tí Elétí mọ̀ lábẹ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, kò ní gbàgbé rẹ̀ láyé. Egungun ìhà ọmọ náà ń gòkè, ó ń sọ̀, èjìká rẹ̀ ń gbé sókè, kòtò ọrùn rẹ̀ ń wọlé bí ẹni pé nǹkan ń fà á láti inú. Gbogbo ara ń ṣiṣẹ́ bí ẹ̀rọ tí a tẹ̀ dé òpin, síbẹ̀ kò sí ohun tí ó ń wọlé, kò sí ohun tí ó ń jáde. Ọwọ́ rẹ̀ mọ ohun náà kí ọkàn rẹ̀ tó mọ̀ ọ́n. Ó ti rí i lẹ́nu iṣẹ́ rí: bí pàǹtí bá dí ẹnu táyà, ẹ̀rọ a máa lọ́gun, ọ̀pá rẹ̀ a máa gbọ̀n, táyà a sì dákẹ́ lọ ráú, nítorí pé afẹ́fẹ́ kò rí ọ̀nà gbà. Irú táyà bẹ́ẹ̀ kò ní ìró kankan. Ẹni tí ó bá fi etí nìkan wò ó yóò ní ó sàn.

Ó gbé ojú sókè wo ètè ọmọ rẹ̀. Ètè náà ti ń ṣú.

Kò pariwo. Ó gbé ẹsẹ̀ ọkọ̀ àfipamọ́ Aláròyé, ó tì í sáyè, ó de ìwọ̀nba nọ́ọ̀tì tí ọwọ́ rẹ̀ kọ́kọ́ bá, ó kó ìyókù sápò, ó sì sọ jáàkì kalẹ̀. Kò sí ẹsẹ̀ ọkọ̀ tí ó dè kíákíá tó bẹ́ẹ̀ rí. Aláròyé ti wà lẹ́yìn ìdarí ọkọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó sọ fún un. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti mọra, kò ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu.

Ní ọ̀nà, Elétí di ọmọ rẹ̀ mú, ó sì ń wò ó. Ó ti rò pé yóò máa jà, pé yóò máa na ọwọ́ sí fèrèsé bí ẹni tí omi ń gbé lọ. Ọmọ náà kò jà. Ó tẹ̀ síwájú, ó gbé ìgbọ̀nwọ́ méjèèjì lé orúnkún, ó ká ètè rẹ̀ bí ẹni tí ń fẹ́ iná àbẹ́là tí kò sì fẹ́ kí ó kú, ó ń tú ìwọ̀nba tí ó wà nínú rẹ̀ síta díẹ̀díẹ̀, kí àyè lè wà fún ìwọ̀nba tí yóò wọlé. Kò fi èyíkéyìí ṣòfò. Bí ọmọdé ti kọ́ ọgbọ́n yìí, ọjọ́ wo ni ó kọ́ ọ, lórí ibùsùn wo, nígbà tí àwọn òbí rẹ̀ rò pé ó ń sùn, Elétí kò mọ̀. Nígbà tí ọkọ̀ yà sí ọ̀nà ilé ìwòsàn, ọmọ náà yọ ọwọ́ kan, ó fi kan bàbá rẹ̀ lórúnkún lẹ́ẹ̀mejì, bí ẹni ń rẹ ọmọ lẹ́kún. Ọkàn bàbá náà tú. Ó rí i pé akọni kan ti ń gbé inú ilé òun, tí òun ń ki agolo bọ àpò rẹ̀ láràárọ̀, tí òun kò sì mọ̀ ọ́n.

Nọ́ọ̀sì tí ó wà lẹ́nu ọ̀nà wo ọmọ náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kò bèèrè orúkọ. Láàrin ìṣẹ́jú díẹ̀ wọ́n ti gbé e lé ibùsùn tí a gbé orí rẹ̀ sókè, wọ́n ti fi ìbòmú oníke bò ó lẹ́nu, wọ́n ti gún un lábẹ́rẹ́ sápá, ẹ̀rọ kékeré kan sì ti ń kùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tí ó ń sọ oògùn olómi di ìkùukùu. Elétí mọ ohùn ẹ̀rọ náà. Ọmọ ìyá ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ tirẹ̀ ni, bí kò tilẹ̀ ju búrẹ́dì kan lọ. Ẹ̀rọ tí òun fi ń gbé ọkọ̀ akẹ́rù sókè, àwọn wọ̀nyí ń fi àbúrò rẹ̀ ṣí àyà ọmọ ènìyàn. Ó dúró ti ògiri, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀.

Dókítà dé, obìnrin tí kò tíì pẹ́ púpọ̀ láyé, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò pọ̀. Ó fi ẹnu ohun èlò tí a fi ń gbọ́ ìró àyà kan ẹ̀yìn ọmọ náà níhìn-ín lọ́hùn-ún, ojú rẹ̀ sì le. Elétí bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé pé súfèé náà ti dákẹ́, pé òun rò pé ó ti ń sàn.

“Bàbá,” dókítà náà wí, “ìdákẹ́ yẹn gan-an ni mò ń bẹ̀rù.”

Ó ní kí wọ́n tún oògùn bù sínú ẹ̀rọ. Elétí bẹ̀rẹ̀ sí í rìn láti ògiri dé fèrèsé, láti fèrèsé dé ògiri. Ó rán Aláròyé kí ó lọ gbé ìyá ọmọ wá láti ilé ìfọṣọ. Ó ń tẹ́tí, kò gbọ́ nǹkan kan. Ó gbìyànjú láti má tẹ́tí, kò lè ṣe é. Etí tí ó fi ń yangàn láàrin àdúgbò wà lórí rẹ̀ bí ẹrù ẹlẹ́rù.

Nígbà tí ó pẹ́, dókítà tún gbé ohun èlò náà lé ẹ̀yìn ọmọ. Ó gbọ́ ọ fún ìgbà díẹ̀, èjìká rẹ̀ sì rọ̀. Ó wo Elétí.

“Ó ti ń súfèé,” ó wí.

Ojú Elétí ṣú. Ó bèèrè bóyá ó tún ti padà dé nìyẹn.

“Rárá o, bàbá. Afẹ́fẹ́ ti rí ọ̀nà wọlé ni. Ẹ wá gbọ́ ọ.”

Ó yọ ohun èlò náà kúrò létí ara rẹ̀, ó sì fi sí etí Elétí.

Elétí rò pé òjò ni. Lẹ́yìn náà ó rò pé ọjà ni, láti òkèèrè. Lẹ́yìn náà ni ìró náà yàtọ̀ sí ara wọn: súfèé tín-ín-rín kan lókè, òmíràn tí ó nípọn nísàlẹ̀, àìmọye kéékèèké láàrin wọn, olúkúlùkù ń gba ihò tirẹ̀ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣí, bí èrò tí wọ́n tì mọ́ ìta fún ìgbà pípẹ́ tí ilẹ̀kùn sì ṣí fún díẹ̀díẹ̀. Lábẹ́ gbogbo rẹ̀ ni ọkàn ọmọ náà ń lù, kò dúró, kò kánjú ju bí ó ti yẹ lọ mọ́. Ìró tí ó ti bẹ̀ láti òwúrọ̀ pé kí ó dákẹ́, òun náà ni ó ń bẹ̀ báyìí pé kí ó má dákẹ́. Ó ti rọ afẹ́fẹ́ sínú táyà tí kò lóǹkà, ṣùgbọ́n ìgbà gbogbo ni ó ń fi ẹ̀rọ fún un, tí ó sì ń fi ọwọ́ dé ẹnu rẹ̀. Èyí, ẹran ara lásán ni ó ń fà á wọlé tí ó sì ń jọ̀wọ́ rẹ̀, lójú oorun, nínú kíláàsì, lórí àga ìsọ̀, láti ọjọ́ tí a ti bí i, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni dúró tì í. Omi bọ́ lójú Elétí, kò sì nù ún, nítorí pé kò fẹ́ mú ọwọ́ kúrò lára ohun tí ó ń gbọ́.

Dókítà fún un láyè. Lẹ́yìn náà ni ó bèèrè agolo búlúù náà. Ó mì í, ó sì bi Elétí bí ọmọ ti ń lò ó sí. Elétí sọ gbogbo rẹ̀, títí kan bí òun ti ń tẹ̀ ẹ́ láràárọ̀ láti mọ̀ bóyá ó kún. Nọ́ọ̀sì yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ń fi ọwọ́ bo ẹnu. Dókítà kò rẹ́rìn-ín. Ó ṣàlàyé pé ohun méjì ni ó wà nínú agolo náà, oògùn àti gáàsì tí ń tì í jáde, àti pé oògùn lè tán pátápátá kí gáàsì ṣì máa sín bí ẹni pé kò sí nǹkan. Òmíràn tí òun yóò fún wọn ní ojú kékeré kan lẹ́yìn rẹ̀ tí ó ń fi iye tí ó kù hàn; ojú ni kí wọ́n fi wò ó. Ó tún fún wọn ní ike gígùn kan tí wọn yóò máa fi sẹ́nu agolo, kí oògùn lè dé inú àyà dípò kí ó dúró sí ọ̀fun. Nígbà tí ó gbọ́ ìtàn agolo ẹ̀yìn dígí, ó gbé agolo búlúù náà sílẹ̀.

“Táyà tí kò jò kọ́ ni, bàbá,” ó wí. “Ọ̀nà tóóró ni. À ń gbá a lójoojúmọ́, kí ọ̀fìnkìn má baà rí nǹkan dí i pa. Bí imú rẹ̀ bá sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣomi, ẹ má dúró de súfèé. Bí kò bá lè parí gbólóhùn kan láì dúró mí, ẹ máa bọ̀.”

Elétí ní ó yé òun. Ó sọ ọ́ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, bí ọmọ iṣẹ́ níwájú ọ̀gá.

Ìyá ọmọ wọlé nígbà tí oòrùn ti ń kọjá àárín ọ̀run, òórùn ọṣẹ ilé ìfọṣọ ṣì wà lára rẹ̀, Aláròyé tẹ̀lé e. Ó lọ tààrà sídìí ibùsùn, ó sì gbé iwájú orí lé iwájú orí ọmọ rẹ̀. Aláròyé jókòó lórí àga. Ó ní òun kò mọ ohun tí ó ṣe ọkọ̀ òun, ó ń jó lójú ọ̀nà bí ọ̀mùtí. Elétí tún bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, láti ògiri dé fèrèsé.

Nọ́ọ̀sì ti yọ ìbòmú kúrò lẹ́nu ọmọ náà kí ó lè mu omi. Ó mu ún, ó fi ẹ̀yìn ti ìrọ̀rí, ó sì ń fi ojú bá bàbá rẹ̀ lọ, ó ń fi ojú bá a bọ̀. Ètè rẹ̀ ti pọ́n.

“Bàbá, ẹ̀yin tí kò sí nǹkan tí etí yín kì í gbọ́, ṣé ẹ ò wá gbọ́ bí àwọn nọ́ọ̀tì ọkọ̀ Bọ̀ọ̀dá Aláròyé ṣe ń ró wọ́nran-wọ́nran lápò yín látìgbà tí ẹ ti ń rìn káàkiri?”

Elétí dúró. Ó ki ọwọ́ bọ àpò, ó bá irin tútù níbẹ̀. Aláròyé wo ọwọ́ rẹ̀, ó wo ojú rẹ̀, ó rántí ijó tí ọkọ̀ jó, ó sì di orí mú. Ìyá ọmọ bú sẹ́rìn-ín níbi tí omi ṣì wà lójú rẹ̀, nọ́ọ̀sì náà kò lè pa tirẹ̀ mọ́ra mọ́.

Elétí nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ń wo ọmọ rẹ̀. Gbólóhùn náà gùn, ó yípo láàrin, ó ní ẹ̀fẹ̀ nínú, ó sì gúnlẹ̀ sí ibi tí ó yẹ. Láti orí dé ìdí rẹ̀, kò já níbì kankan. Ó rìn lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, ó kúnlẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ó ti ń kúnlẹ̀ sídìí ọkọ̀, ó sì gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ẹ̀yìn ọmọ rẹ̀.

“Tún un sọ, Ìyá mi,” ó wí.

Ọmọ náà sì tún un sọ.